Kí ẹ tó sanwó fún ejẹ́ǹtì Kípírù, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹni tó bá ń gbọ́ rédíò láàárọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn lè ti gbọ́ ohùn mi. Èmi ni mo máa ń ka ìròyìn aago méje, èmi náà ni mo sì máa ń ka ìpolówó tó bá tẹ̀ lé e: oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú lọ́nà Ìlọrin, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ejẹ́ǹtì kan tó ń mú ọmọ lọ kàwé ní erékùṣù Kípírù (Cyprus). Sikọ́láṣípù wà, físà kò ní wàhálà, ọmọ á máa ṣiṣẹ́ á sì máa kàwé, òkun ń bẹ lẹ́yìnkùlé. Mo kà á débi pé àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Òkèlérin máa ń sín mi jẹ bí mo bá ń kọjá.

Bí ètò àárọ̀ náà ṣe rí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí. Nígbà míì, a óò kà á nínú ìròyìn pé Abike Dabiri-Erewa, ọ̀gá àjọ NiDCOM tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lókè òkun, kìlọ̀ fáwọn òbí nípa apá àríwá Kípírù, pé Nàìjíríà kò ní àjọṣe pẹ̀lú ìjọba ibẹ̀, pé bí wàhálà bá dé, ọwọ́ ìjọba wa kò lè tètè tó o. Ìròyìn á parí, ìlù á dún, ìpolówó ejẹ́ǹtì á wọlé. Ẹnu kan náà ló ń ka méjèèjì. Kò sí olùgbọ́ kankan tó pè wá láti bi wá pé èwo ni kí òun gbà gbọ́ níbẹ̀. Owó ìpolówó ni ilé-iṣẹ́ fi ń san owó oṣù, nígbà tí owó oṣù bá wà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rédíò nílùú tí kì í ṣe Èkó tàbí Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní 2022, èmi náà di ẹrù mi. Ìwé másítà nípa iṣẹ́ ìròyìn ni mo fẹ́ lọ kà. Ejẹ́ǹtì gé owó iṣẹ́ rẹ̀ kù fún mi, ó ní, "A kúkú jọ ń ṣe é ni, Àǹtí." Bàbá mi ta púlọ́ọ̀tì kan.

Ilé tiwa dà bí ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́: bàbá mi ń kírun, màmá mi wà ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, kò sì sẹ́ni tó bá ẹnì kejì jà lórí ẹ̀. Nígbà tí pásítọ̀ gbọ́ pé Kípírù ni mò ń lọ, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ṣí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹrin, níbi tí Bánábà, ọmọ Léfì, ará Kípírù, ti ta ilẹ̀ rẹ̀ tó sì kó owó náà wá síbi ẹsẹ̀ àwọn àpọ́sítélì. Ó tún ṣí orí kẹtàlá, níbi tí Bánábà àti Sọ́ọ̀lù ti gúnlẹ̀ sí Sálámì. Gbogbo ìjọ ní "Àmín." Bàbá mi ní tirẹ̀ ṣe sàárà, ó ní òun gbọ́ pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ọkàn òun balẹ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kí n ṣìwà hù. Màmá mi rán mi lọ sí erékùṣù Bánábà, bàbá mi rán mi lọ sí erékùṣù Mùsùlùmí. Méjèèjì gbàdúrà gidi, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè irú ìjọba tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìjọba yìí ló wá di ohun tí mò ń bá sùn bá jí.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín bí ó ṣe rí, nítorí ejẹ́ǹtì kò ní là á. Kípírù gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, ọdún kan náà pẹ̀lú tiwa. Àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì níbẹ̀ àti àwọn tó ń sọ èdè Tọ́kì kò gbọ́ra wọn yé, láti 1964 sì ni àwọn ọmọ ogun aláàbò àjọ UN ti ń dúró láàárín wọn. Ní 1974, àwọn kan tí ìjọba ológun Gíríìsì ń tì lẹ́yìn dìtẹ̀ gbàjọba, ni ọmọ ogun Tọ́kì bá gúnlẹ̀, wọ́n gba apá àríwá, èyí tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta erékùṣù náà. Ní 1983 apá àríwá kéde ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè. Tọ́kì nìkan ló gbà á bẹ́ẹ̀ títí di òní. Apá gúúsù ni gbogbo ayé mọ̀ sí Kípírù, òun ló wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní 2004, òun ló ń ná yúrò. Ibi tí ejẹ́ǹtì ń tà fún yín ni apá àríwá. Àwòrán tó máa ń lẹ̀ mọ́ páálí ìpolówó rẹ̀, tí àsíá Yúróòpù wà níbẹ̀, ti apá kejì ni.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán. Ọkọ̀ òfurufú kankan kì í ti orílẹ̀-èdè mìíràn lọ tààrà sí pápákọ̀ Ercan tó wà ní apá àríwá, ó di dandan kó kọ́kọ́ balẹ̀ ní Tọ́kì. Lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí mi, "Mersin 10, Turkey" ni ẹ máa kọ sí i lára, bẹ́ẹ̀ Mersin wà ní òdìkejì òkun. Láti 2015, omi ẹ̀rọ pàápàá ń gba inú páìpù ńlá kan wá láti Tọ́kì lábẹ́ òkun, nǹkan bí 80 kìlómítà. Bí páásípọ́ọ̀tù yín bá fẹ́ parí, ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba wa wà ní Ankara, olú-ìlú Tọ́kì. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà ló jáde. Èyí ni ohun tí mo pè ní ìgbé ayé erékùṣù. Kì í ṣe òkun. Òkun kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Àwọn ejẹ́ǹtì kan máa ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé láti ibẹ̀ wọ Yúróòpù kò jìnnà, pé ẹsẹ̀ lásán ni. Òótọ́ ni pé ní Lefkoşa, olú-ìlú tí wọ́n pín sí méjì, ẹ lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà kí ẹ máa wo aṣọ tí wọ́n sá sí òdìkejì. Ṣùgbọ́n lójú ìjọba gúúsù, ẹni tó gba Ercan wọlé kò bá òfin wọlé rárá, ẹni tó bá sì ré kọjá láìníwèé, ẹjọ́ mìíràn ló tún fà lẹ́sẹ̀. Mo mọ ọmọ kan láti ẹ̀yìn Tákìé tó dán an wò. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìyá rẹ̀ kò tíì mọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí níbẹ̀ ni omijé ti ń jáde. Owó ilé-ẹ̀kọ́, yúrò ni. Owó ilé, pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń dá a lé, wọ́n á gba ti oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tún gba owó ìdúró àti ti aṣojú wọn. Ohun tí ẹ óò jẹ, lírà Tọ́kì ni. Owó tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín láti ilé, náírà. Ohun tó bá ṣe ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yin ló máa ṣe. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba wa tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Dọ́là tí à ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 460 ní báńkì fò kọjá 700 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti kọjá 1,500. Owó púlọ́ọ̀tì bàbá mi, tí a ti ṣírò pé ó máa gbé mi parí ẹ̀kọ́, kò tó mọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí mi. Sikọ́láṣípù ìdajì tí mo ń polówó lórí rédíò náà, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ní kíláàsì ló ní in. Mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tó san owó tí wọ́n ní ó jẹ́ odidi.

"Ọmọ á máa ṣiṣẹ́" ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà yín síṣẹ́ ló máa bá yín gba àṣẹ náà. Mélòó nínú wọn ló máa ṣe é? Nítorí náà, àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ bòńkẹ́lẹ́: fífọ abọ́ ní ilé-ìtura, gbígbálẹ̀ ní ilé tẹ́tẹ́, kíká ọsàn ní Güzelyurt nígbà òtútù. Ẹni tó bá bá yín da owó iṣẹ́ oṣù kan rú, ẹ kò lè gbé e lọ síbì kankan, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fọ abọ́. Ìka ọwọ́ mi tó ti máa ń tẹ bọ́tìnnì gbohùngbohùn wú débi pé mi ò lè di bíró mú láàárọ̀. Ìwé ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́ sì so mọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́. Bí ẹ kò bá san ti ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìgbélùú kò ní ṣeé tún ṣe, ìtanràn á sì máa gorí ara wọn lójoojúmọ́. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí kò lè kàwé mọ́, tí kò sì lè padà sílé nítorí ìtanràn tí wọ́n máa bá ní pápákọ̀.

N kò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló korò. Ihò iná ibẹ̀ jẹ́ oníhò mẹ́ta bíi tiwa, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló jọba lé wa lórí, mi ò ra ohunkóhun kí n tó so fóònù mi mọ́ iná. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀. Òtútù inú ilé ní oṣù Kìíní lè ju ti ìta lọ, nítorí ooru ni wọ́n kọ́ ilé dè. Ẹ gbé súwẹ́tà dání, ẹ má gbọ́ ti àwòrán etíkun. Ẹ̀fọ́ kan sì wà tí wọ́n ń pè ní molohiya. Mo rí i ní gbígbẹ nínú ọ̀rá lọ́jà, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín sókè: ewédú ni. Ìyá àgbà tó ni ilé tí mo gbé fi adìẹ àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù sè é kó má baà yọ̀, bí ẹni pé yíyọ̀ rẹ̀ jẹ́ àrùn. Mo jẹ ẹ́, mo dúpẹ́, mo padà sí yàrá mi lọ fi ìjábẹ̀ ja tèmi. Kókò náà wà, kolokas ni wọ́n ń pè é. Ebi kò ní pa ọmọ Yorùbá níbẹ̀ bó bá mọ ohun tó ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìròyìn ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan mo lọ sétí òkun pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí status WhatsApp. Ọwọ́ mi tó wú kò hàn níbẹ̀, mo fi bàgì bò ó. Kò pẹ́, mo rí fọ́tò náà lójú ìwé ejẹ́ǹtì lórí Facebook, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ń jayé ní Yúróòpù. Kò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo kọ̀wé sí i pé kó yọ ọ́, ó dáhùn pé, "Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń polówó." Láti ọjọ́ náà ni àwọn olùgbọ́ mi àtijọ́ ti ń kọ̀wé sí mi, pé báwo ni wọ́n ṣe lè wá. Ẹni tí mo bá sọ òótọ́ fún á ní mo fẹ́ dá nìkan jẹun ni. Ọ̀kan sọ fún mi gbangba pé, "Àǹtí, ẹ fẹ́ ká jókòó sílé kẹ́ ẹ máa ya fọ́tò."

Mo wá lóye bí ìròyìn ibẹ̀ ṣe ń dé ilé. Ejẹ́ǹtì kò ní sọ ọ́ nítorí ilé-ẹ̀kọ́ ń sanwó fún un lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá mú wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní sọ ọ́ nítorí ilẹ̀ tí wọ́n tà. Òbí kò ní sọ ọ́ nítorí ó ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé ìròyìn wa nílé kì í gbọ́ nípa ibẹ̀ àfi bí ọmọ Nàìjíríà kan bá kú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ohun méjì péré ni ará ilé mọ̀ nípa Kípírù: etíkun àti òkú. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, tí í ṣe owó ilé, ìwé ìgbélùú àti iṣẹ́ abọ́, kò ní ẹni tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́.

Àwọn oníròyìn erékùṣù náà kò ṣojo o. Ìwé ìròyìn wọn pọ̀ ju bí èrò ibẹ̀ ṣe mọ. Ọ̀kan wà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ Afrika. Ní oṣù Kìíní 2018 ó kọ ọ́ pé ogun tí Tọ́kì gbé lọ sí Afrin ní Síríà jọ èyí tó gbé wá sí Kípírù, ni àwọn èrò bá ya lọ sọ òkúta lu ọ́fíìsì rẹ̀. Olóòtú rẹ̀, Şener Levent, kò sì torí ẹ̀ gbé pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ló sọ ìtàn yìí fún wa ní kíláàsì. Mo rántí ìpolówó aago méje ààbọ̀, mo tẹjú mọ́ tábìlì.

Ní ti ẹ̀sìn, ohun tí bàbá mi retí àti ohun tí màmá mi retí kò sí èyí tí mo bá. Mùsùlùmí ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá onílé mi kì í lọ mọ́sálásí, ó sì ń mu wáìnì rẹ̀ lálẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí mo bá kọjá, àwọn ọmọ Pakísítàánì àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ojú mi máa ń tó jù lẹ́nu ọ̀nà. Sálámì tí Bánábà gúnlẹ̀ sí, òkúta àti òpó tó ti wó ni, lẹ́bàá òkun, kò jìnnà sí ìlú Gazimağusa ní apá àríwá. Mo lọ síbẹ̀, mo ya fọ́tò fún pásítọ̀ wa, ó gbé e ka orí pẹpẹ.

Mọ́sálásí ńlá tó wà láàárín odi àtijọ́ Gazimağusa ló ṣe mí ní kàyéfì. Kàtídírà ni tẹ́lẹ̀, àwọn ọba tó ti ilẹ̀ Faransé wá ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Ní 1571 tí ọmọ ogun Tọ́kì ṣẹ́gun ìlú náà, wọ́n sọ ọ́ di mọ́sálásí, ó sì ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo da ìborùn borí, mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Àwọn tó ń kírun kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí Mẹ́kà kò sí níhà ibi tí pẹpẹ wà. Mo jókòó sẹ́yìn. Mi ò mọ̀ bóyá ti bàbá mi ni kí n gbà ni àbí ti màmá mi, ni mo bá gba méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì lé mi jáde.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìjọ tiwọn, wọ́n gba gbọ̀ngàn. Kò sí ìlù lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, kò sí ìṣọ́ òru, ará àdúgbò á pe ọlọ́pàá. Ní oṣù àkọ́kọ́ mo ń bínú pé irú ìjọ wo rèé. Ṣùgbọ́n ìjọ yẹn ní ìwé kan tí wọ́n kọ orúkọ onílé tí kì í gba owó lẹ́ẹ̀mejì sí, àti dókítà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ìwé ìgbélùú ṣe. Wọ́n ní ìkòkò ìrẹsì lọ́jọ́ Sunday fún ẹni tí kò rí nǹkan jẹ látàárọ̀. Wọ́n dá owó jọ fún gbígbé òkú ẹnì kan lọ sílé, Mùsùlùmí sì lẹni náà. Kò sẹ́ni tó rí ìran kankan.

Ẹni tó ń rí ìran wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wòlíì kan tí àbúrò màmá mi mọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé òun rí mi láàárín omi, omi yí mi ká, kí n tètè fi owó àdúrà ránṣẹ́. Ó ní yúrò ni kó jẹ́. Mo gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, mo wo òkun lọ́tùn-ún mi. Ta ni omi kò yí ká ní erékùṣù? Síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ san án. Ẹni tó bá ti wà lókè òkun rí mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ará ilé ṣe ń wúwo lóru.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì 2023 ló wá jẹ́ kí n mọ ibi tí mo wà. Tọ́kì àti Síríà ló ti ṣọṣẹ́, àwa náà mọ̀ ọ́n lára ní ìdájí. Màmá mi pè mí, ó ní rédíò ti sọ pé Tọ́kì ti rì. Àárín ìgbà tí náírà tuntun ṣòroó rí nílé ni; ó yá owó kó tó ra káàdì tó fi pè mí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ibi tí mo wà kì í ṣe Tọ́kì.

Kò tíì di ọ̀sán tí mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà ní àdúgbò mi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan láti Gazimağusa ti lọ ta bọ́ọ̀lù volleyball ní Adıyaman ní Tọ́kì, lókùnrin lóbìnrin. Ilé-ìtura tí wọ́n wọ̀ sí wó lulẹ̀ pátápátá. Àwọn ọmọ, olùkọ́ àti òbí tó bá wọn lọ, ènìyàn 35 láti erékùṣù náà ló kú sábẹ́ rẹ̀. Ìyá onílé mi mọ ìdílé ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún mi mọ òmíràn. Ọmọ kíláàsì mi kan ti kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Erékùṣù kéré, kò sí ọ̀fọ̀ ẹlòmíì níbẹ̀. Rédíò dákẹ́ orin. Ọjọ́ tí wọ́n ń sin wọ́n, èmi àti àwọn ará ìjọ wa lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìyá arúgbó kan tí mi ò mọ̀ rí di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi kọjá tán.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohùn wòlíì dé orí WhatsApp láti ilé, oríṣiríṣi: pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á, pé ọwọ́ Ọlọ́run ni, pé òun ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní ọdún. Àwọn kan lára wa ní Kípírù ń fi í ránṣẹ́ kiri. Mo bínú débi pé mo jáde nínú ẹgbẹ́ WhatsApp méjì, ọ̀kan sì jẹ́ ti ìjọ màmá mi. Àwọn òbí ọmọ wọ̀nyẹn kò sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run ni. Wọ́n ní ilé náà kò dára, wọ́n kó ìwé ẹ̀rí jọ, wọ́n sì ń lọ sí Tọ́kì fún ẹjọ́ náà títí ilé-ẹjọ́ fi dá ẹni tó ni ilé-ìtura lẹ́bi ní oṣù Kejìlá 2024. Mo ti padà sílé nígbà náà. Mo ka ìròyìn rẹ̀ níhìn-ín, mo sunkún fún àwọn tí n kò mọ orúkọ wọn.

Ìgbà kan ṣoṣo tí ayọ̀ ìròyìn ilé kún inú mi ni oṣù Kẹsàn-án 2023, nígbà tí a gbọ́ pé Ghandi Afọlábí Ọláoyè, tó ti ń ṣe pásítọ̀ RCCG ní Amẹ́ríkà, di Sọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ Ajílété tó wà ní Gazimağusa se ìrẹsì. Kí ó tó di alẹ́, àríyànjiyàn ẹ̀sìn ti gba orí fóònù. Bàbá mi ní kí n má dá sí i, pé ẹni tó wà lókèèrè kì í mọ ibi tí bàtà ti ń ta ará ilé. Mi ò dá sí i.

Mo parí ẹ̀kọ́ mi pẹ̀lú owó tí ẹ̀gbọ́n mi yá, mo padà ní 2024. Ọdún náà kọ́ ló dára jù láti gbé ìwé ẹ̀rí òkèèrè wọ Nàìjíríà. Ní oṣù Kìíní rẹ̀, ìjọba dá títẹ́wọ́ gba ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí oníròyìn kan láti ìwé ìròyìn Daily Nigerian gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Bẹ̀nẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo ìwé tó ti ìta wá ni àwọn agbanisíṣẹ́ wá ń fojú wíńníwíńní wò. Ẹ lọ béèrè ní ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ l'Ábùjá, kí ẹ tó sanwó, bóyá wọ́n mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Kì í ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ fi owó ọkọ̀ òfurufú ìpadàbọ̀ pamọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní ná an. Ẹ má ṣe san owó ilé fún ilé tí ẹ rí lórí fóònù. Ẹ kọ́ èdè Tọ́kì díẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ nílò níbẹ̀ kì í ṣe "ẹ káàárọ̀", "owó mi dà?" ni.

Mo ti padà sí rédíò, ní ibòmíràn. Mo sọ fún ọ̀gá pé mi ò ní ka ìpolówó ejẹ́ǹtì. Ó ní kò burú, ó fún ẹlòmíì.

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan láti Ìsàlẹ̀ Ọrà mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Ejẹ́ǹtì ti gba ìdajì owó lọ́wọ́ wọn. Mo béèrè ohun tí mo máa ń béèrè: ta lẹ máa pè bí àìsàn bá dé? Irú owó wo ni onílé ń gbà? Ìjọba wo ló ń tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé náà? Ìyá náà ní ejẹ́ǹtì ti kìlọ̀ fáwọn pé kí àwọn má lọ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tó ti padà, pé ẹni tó padà ni ẹni tí kò rí ṣe. Ọmọ náà bojú wo ilẹ̀. Mo ní kò burú, kó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣì wà níbẹ̀, èyí tó ń gbé fọ́tò etíkun sórí status. Kó má béèrè bóyá ibẹ̀ dára. Kó béèrè iye tó jẹ onílé.